Ta Ni Ó Di Kọ́kọ́rọ́ Ọjà Mú? Àlàyé lórí Kíkọ́ Àtẹ Áàpù àti Agbéwọlé sínú Framework Ayélujára

Ìfáàrà

Lára àwọn ohun tí ó ń so àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn odi pọ̀ lóde òní ni ìkànnì ayélujára wà: ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè àwọn òbí wọn. Ní ìlú bíi Conyers, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Atlanta lójú ọ̀nà I-20, ẹni tí ó ń bójú tó irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ lè má jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà rárá. Ó lè jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ́ kan tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kàlẹ́ńdà ìpàdé, tàbí fọ́ọ̀mù tí àwọn òbí yóò fi forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹni yìí yóò ṣí ojú-ewé kan nínú ìkànnì náà, yóò wá ohun tí ó fẹ́, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, ohun náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì náà. Báwo ni a ṣe ń kọ́ ọjà áàpù sínú ìpìlẹ̀ tí ìkànnì dúró lé, kí sì ni ẹni tí ó kọ́ ọ gbọ́dọ̀ pinnu kí ó tó ṣí ọjà náà? Èrò tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé bọ́tìnnì kọ́ ni iṣẹ́ tí ó le níbẹ̀. Pípín àṣẹ ni: ta ni ó lè pàtẹ, ta ni ó lè rà, kí ni ọjà tí a rà lè fọwọ́ kàn nínú ilé, àti ta ni ó lè ti ìlẹ̀kùn ọjà pa. Bí a kò bá dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí nígbà tí a ń kọ́lé, ẹlòmíràn ni yóò dáhùn wọn fún wa, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí kò rọrùn fún wa rárá ni yóò dáhùn wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

A lè fi framework wé òpó, àjà àti òrùlé tí bíríkìlà bá nílẹ̀. Kì í ṣe ilé tí a parí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bá a nílẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gé igi láti inú igbó. Framework ayélujára ti mọ bí a ṣe ń gba ìbéèrè òǹkàwé, bí a ṣe ń mú dátà jáde láti inú àká rẹ̀, àti bí a ṣe ń dá ojú-ewé padà fún ẹni tí ó béèrè. Áàpù ni yàrá tí a fi kún ilé náà. Oríṣiríṣi orúkọ ni àwọn framework ń pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Àtẹ áàpù ni àkójọ tí ó sọ ohun tí ó wà lọ́jà: orúkọ áàpù, ẹni tí ó ṣe é, ẹ̀dà tí ó dé kẹ́yìn, ẹ̀dà framework tí ó bá a mu, àti ibi tí fáìlì rẹ̀ wà. Agbéwọlé ni apá tí ó ń lọ mú fáìlì náà wá, tí ó ń tú u, tí ó sì ń fi í sí ààyè rẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àtẹ lè wà láìsí agbéwọlé, bí ìwé tí ó ń júwe ọjà fún ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Agbéwọlé náà sì lè wà láìsí àtẹ, bí ọmọ-iṣẹ́ tí a rán lọ sí ibi tí àwa fúnra wa ti mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo framework ni ó gba àwọn méjèèjì sínú. Django, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ilé-iṣẹ́ ìwé-ìròyìn kan ní ìpínlẹ̀ Kansas tí wọ́n sì fi síta fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2005, mọ ohun tí ń jẹ́ áàpù dáadáa. Inú fáìlì ètò rẹ̀ ni a ti ń to orúkọ àwọn áàpù tí ó wà nínú ìkànnì. Ṣùgbọ́n kò ní àtẹ nínú ara rẹ̀, kò sì ní agbéwọlé tí òǹlò lásán lè tẹ̀. Àká gbogbogbòò ti èdè Python ni ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún, ẹni tí ó mọ kóòdù nìkan ni ó sì lè ṣe é. Ìpinnu tí ó nítumọ̀ ni èyí: Django fi ìrọ̀rùn sílẹ̀ kí ìlẹ̀kùn má baà pọ̀ lára ilé. WordPress yan ọ̀nà kejì, a ó sì rí ohun tí ó jèrè àti iye tí ó san.

Kí agbéwọlé tó dé: Ilé-Ifẹ̀, 1989

Kí a lè mọ iyì bọ́tìnnì, ó yẹ kí a rántí bí sọ́fítíwíà ṣe ń rìn nígbà tí kò sí i. Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì náà, àti Yunifásítì Kuopio ní Finland bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ lórí ètò kan tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ètò tí a wá mọ̀ sí MINPHIS ni ó ti ibẹ̀ jáde. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. FileMan ni wọ́n gbé e kà, ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé-ìwòsàn àwọn jagunjagun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, tí kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a kíyè sí nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ènìyàn ni agbéwọlé nígbà náà. Ọwọ́ àwọn onímọ̀ tí ó wà nítòsí ni ètò fi wọ ilé-ìwòsàn, àwọn náà ni wọ́n sì ń tún un ṣe bí ó bá yẹ. Bí ilé-ìwòsàn kejì bá fẹ́ irú rẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbéra lọ síbẹ̀. Èkejì ni pé àwọn tí ó gbé e wọlé láṣẹ lórí rẹ̀. Nítorí pé kóòdù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè yí i padà kí ó bá ìlànà ilé-ìwòsàn tiwọn mu, kò sì sí ẹni tí ó lè jókòó sí ìlú mìíràn kí ó pa á lẹ́nu dé. Iṣẹ́ wọn lọ́ra, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà ní Ifẹ̀.

Agbéwọlé ayélujára mú ìlọ́ra yẹn kúrò. Ìbéèrè wa ni bóyá ó pọn dandan kí ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ pẹ̀lú.

Bí bọ́tìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́: àpẹẹrẹ WordPress

Oṣù Karùn-ún ọdún 2004 ni WordPress, nínú ẹ̀dà 1.2, ṣí ààyè fún àwọn àfikún tí ẹlòmíràn kọ. Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá fẹ́ àfikún yóò wá fáìlì rẹ̀ kiri, yóò tú u sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sórí sáfà. Nígbà tí ẹ̀dà 2.7 jáde ní Oṣù Kejìlá ọdún 2008, àtẹ wọ inú ilé. Alábòójútó lè wá àfikún nínú ìkànnì rẹ̀ gan-an, kí ó sì gbé e wọlé láìkúrò lójú kan. Lónìí, àfikún tí ó wà lórí àtẹ náà lé ní 50,000.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí a tẹ bọ́tìnnì àti ìgbà tí áàpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mumi lọ, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Agbéwọlé tí ó pé yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àtẹ bóyá áàpù náà bá ẹ̀dà framework tí a ń lò mu. Yóò wò ó bóyá áàpù mìíràn wà tí èyí gbára lé, tí kò tíì sí nílé. Yóò mú fáìlì wá, yóò yẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ wò láti mọ̀ pé láti ọwọ́ ẹni tí a rò ni ó ti wá àti pé kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Yóò tú u sí ibi ìgbà díẹ̀, kì í ṣe sí ààyè rẹ̀ gan-an. Yóò ṣètò àká dátà bí áàpù náà bá nílò tábìlì tuntun. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni yóò tó gbé e sí ààyè rẹ̀, tí yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ilé. Bí ohunkóhun bá dàrú lágbedeméjì, ó gbọ́dọ̀ lè dá ilé padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ìtàn WordPress kọ́ wa pé ó rọrùn láti kọ́ bọ́tìnnì ṣáájú àwọn ìgbésẹ̀ tí ó ń dáàbò bò ó. Bọ́tìnnì dé ní 2008. Ètò tí ó ń dá àfikún àtijọ́ padà nígbà tí àtúnṣe tí a fọwọ́ ṣe bá kùnà dé pẹ̀lú ẹ̀dà 6.3 ní 2023, ti àtúnṣe tí ó ń ṣe ara rẹ̀ sì dé pẹ̀lú ẹ̀dà 6.6 ní 2024. Ètò tí àfikún kan fi lè kéde pé òun gbára lé òmíràn dé pẹ̀lú ẹ̀dà 6.5 ní 2024 kan náà. Nǹkan bí ọdún 15 ni ó wà láàárín. Kì í ṣe pé àwọn tí ó kọ́ ọ kò gbọ́n. Ohun tí òǹlò fojú rí ni ó máa ń gba ipò iwájú. Ìdápadà kò ní ẹwà kankan títí di ọjọ́ tí ìkànnì bá ṣú dùdù.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé tún wà níbẹ̀. Àfikún WordPress ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára ìkànnì tí ó wà nínú rẹ̀. Ó lè ka àká dátà, ó lè yí fáìlì padà. Nítorí náà, ẹni tí ó ni àfikún ni ó ni ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n yọ àfikún kan tí ń jẹ́ Captcha kúrò lórí àtẹ. Ìkànnì tí ó ń lò ó tó 300,000. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é ti tà á fún ẹlòmíràn, olówó tuntun náà sì fi kóòdù kan sínú àtúnṣe tí ó lè fún un láyè láti wọ inú ìkànnì àwọn tí ó ń lò ó. Kò sí alábòójútó tí ó ṣe ohun tí kò yẹ. Ọjà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n lọ, ìsọ̀ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n dúró sí, ẹni tí ó wà nídìí ìsọ̀ ni ó ti yàtọ̀.

Ọ̀nà mìíràn: DHIS2, láti Oslo dé Lomé àti Nàìjíríà

Framework tí ó sún mọ́ ilé wa jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni DHIS2. Yunifásítì Oslo ní Norway ni ó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Gúúsù Áfíríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ ti hù, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà parí ní 1994 tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti so àwọn àkọsílẹ̀ ìlera tí ó fọ́n káàkiri pọ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó ń lò ó báyìí lé ní 70. Nàìjíríà ń fi í kó ìròyìn ìlera jọ láti ìjọba ìbílẹ̀ títí dé ti àpapọ̀. Ní Lomé, olú-ìlú Togo, ni ẹgbẹ́ tí ó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà lọ́wọ́ lórí rẹ̀ wà, Nàìjíríà sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀.

DHIS2 ní àtẹ kan tí ń jẹ́ App Hub, ó sì ní agbéwọlé nínú ara rẹ̀. Alábòójútó ní Abẹ́òkúta tàbí ní Cotonou lè ṣí àtẹ náà láti inú ètò, kí ó sì gbé áàpù tí wọ́n ṣe ní Lomé tàbí ní Oslo wọlé. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó dára, ó lè gba fáìlì áàpù lọ́nà mìíràn kí ó sì gbé e wọlé fúnra rẹ̀. Inú fáìlì náà ni ìwé kékeré kan wà tí ó sọ orúkọ áàpù, ẹ̀dà rẹ̀, àmì rẹ̀, àti ibi tí a ó ti ṣí i. Kí áàpù tó hàn lórí àtẹ, àwọn tí ó ń bójú tó App Hub gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ wà láàárín èyí àti ti WordPress. Kóòdù áàpù DHIS2 kì í ṣiṣẹ́ nínú sáfà. Inú ẹ̀rọ ìwo-ayélujára òǹlò ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì ń gbà béèrè dátà. Àṣẹ òǹlò tí ó wọlé ni àṣẹ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kan kò bá láṣẹ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, áàpù tí ó ṣí kò lè bá a rí i. Alábòójútó sì lè pinnu ẹgbẹ́ òǹlò tí yóò rí áàpù kọ̀ọ̀kan. A kò gbọ́dọ̀ ti ara èyí sọ pé ewu ti tán: bí alábòójútó àgbà fúnra rẹ̀ bá ṣí áàpù burúkú, agbára alábòójútó àgbà ni áàpù náà yóò lò. Ṣùgbọ́n ewu náà ní ààlà, a sì mọ ibi tí ààlà wà.

Ohun kejì kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ. Nínú fáìlì ètò DHIS2, ìlà kan wà tí àdírẹ́sì àtẹ wà nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì App Hub ni ó wà níbẹ̀ bí a kò bá ṣe nǹkan kan. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan bá fẹ́ ní àtẹ tirẹ̀, tí áàpù tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí nìkan wà níbẹ̀, ìlà yẹn ni yóò yí padà. Ọ̀pọ̀ kò ní yí i padà láéláé. Síbẹ̀, pé ó ṣeé yí padà yàtọ̀ gédégédé sí pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tí ó kọ ìlà náà rántí pé ilé lè kọjá ọjọ́ orí ọjà.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 fi ìdí tí ìlà kékeré bẹ́ẹ̀ fi ṣe kókó hàn. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín Matt Mullenweg, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dá WordPress sílẹ̀, tí àtẹ WordPress.org sì wà níkàáwọ́ rẹ̀, àti WP Engine, ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba àwọn oníkànnì sórí sáfà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lílo orúkọ WordPress àti ìwọ̀n ìrànwọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe fún iṣẹ́ àpapọ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀. A kò fẹ́ ṣe ìdájọ́ láàárín wọn níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi jà.

Ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹsàn-án, WordPress.org ti ọ̀nà mọ́ àwọn sáfà WP Engine. Àwọn ìkànnì tí ó wà níbẹ̀ kò lè mú àfikún tàbí àtúnṣe láti orí àtẹ mọ́. Bọ́tìnnì ṣì wà lójú ewé, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò ti mú nǹkan wá. Ní ọjọ́ 27, wọ́n ṣí ọ̀nà náà fún ìgbà díẹ̀, títí di ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni WP Engine la ọ̀nà tirẹ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbà mú àtúnṣe.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ yẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 Oṣù Kẹsàn-án, iná jó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Conyers tí ń ṣe kẹ́míkà fún omi ìlúwẹ̀ẹ́. Èéfín kẹ́míkà gba ojú ọ̀run. Àwọn ènìyàn tí ó tó 17,000 ni wọ́n ní kí ó kúrò nílé. Wọ́n ti ọ̀nà I-20. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù ní Rockdale County pé kí wọ́n má ṣe jáde, kí wọ́n sì ti fèrèsé. Àkókò ìjọsìn ni ọjọ́ Àìkú, ìkànnì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ lè gbà sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n dúró sílé.

Iná Conyers àti ìjà WordPress kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ara wọn. A tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nítorí pé kàlẹ́ńdà ni ó tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Alábòójútó ìkànnì tí ó bá fẹ́ fi àfikún ìkìlọ̀ kan kún ojú-ewé ní ọjọ́ 29 yóò bá ọ̀nà ní ṣíṣí, yálà orí sáfà WP Engine ni ìkànnì rẹ̀ wà tàbí ibòmíràn. Ká ní ọjọ́ 26 ni iná náà jó ni, bóyá bọ́tìnnì yóò dáhùn tàbí kò ní dáhùn yóò wà lọ́wọ́ ìjà tí kò kan ìlú náà rárá. Àgbékalẹ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ ní ọjọ́ wàhálà ń dúró de inú rere ẹlòmíràn ní àbùkù, bí inú rere náà kò bá tilẹ̀ yẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹwàá, ọ̀rọ̀ tún ga sí i. WordPress.org gba ààyè àfikún kan tí ń jẹ́ Advanced Custom Fields, tí WP Engine ń ṣe, lórí àtẹ. Wọ́n fi ẹ̀dà tiwọn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Secure Custom Fields. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ni ó fà á. Ìkànnì tí ó ń lò ó lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn tí ó sì ti ní kí àtúnṣe máa ṣe ara rẹ̀ láti orí àtẹ gba ẹ̀dà tuntun náà láìbéèrè fún un. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kejìlá, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ kan ní California pàṣẹ, títí tí ẹjọ́ yóò fi parí, pé kí a dá ọ̀nà àti ààyè náà padà fún WP Engine. Àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú tí kò gba ilé-ẹjọ́ kọjá. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2025, ètò kan tí ń jẹ́ FAIR jáde lábẹ́ Linux Foundation, èyí tí ó fẹ́ kí ìkànnì lè mú àfikún láti orí àtẹ púpọ̀ dípò ẹyọ kan.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. CPAN, àká kóòdù èdè Perl, ti wà láti ọdún 1995, ọ̀pọ̀ sáfà káàkiri ayé ni ó sì ń gbé ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní jígí nítorí pé ohun kan náà ni a ń rí nínú gbogbo wọn. F-Droid, àtẹ áàpù fún fóònù Android, fún òǹlò láyè láti fi àdírẹ́sì àtẹ mìíràn kún ti àkọ́kọ́.

Orúkọ lórí àtẹ: ìṣòro tí ó jẹ́ tiwa

Ìṣòro kan wà tí ẹni tí ó ń kọ́ àtẹ ní èdè mìíràn lè má rántí, ṣùgbọ́n tí ẹni tí yóò fi Yorùbá ṣe é kò lè sá fún. Ọ̀pọ̀ àtẹ ń ti ara orúkọ áàpù fa àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ yọ: wọ́n á yọ àmì ohùn kúrò, wọ́n á yọ àmì ìsàlẹ̀, wọ́n á sì sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré. Bí ẹnìkan bá ṣe áàpù ìrìn-àjò tí ó pè ní Ọkọ̀, tí ẹlòmíràn ṣe ti àgbẹ̀ tí ó pè ní Oko, tí ẹnìkẹta sì ṣe ti irinṣẹ́ tí ó pè ní Ọkọ́, ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dà lójú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò gba orúkọ. Ìtàn Advanced Custom Fields sì ti fi hàn wá pé ẹni tí ó bá di ààyè orúkọ mú lórí àtẹ ni ìkànnì àwọn ènìyàn yóò máa gba àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwákiri náà ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú Unicode, kò sí àmì ẹyọ kan fún ọ́. A lè kọ ọ́ pẹ̀lú ọ tí a fi àmì òkè kún, a sì lè kọ ọ́ pẹ̀lú o lásán tí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè kún lẹ́yìn ara wọn. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Bí àtẹ kò bá sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan kí ó tó wá ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ Ọjọ́ lórí fóònù rẹ̀ lè má rí áàpù tí ẹlòmíràn kọ orúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ojútùú rẹ̀ kò le: kí a fún áàpù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò ti ara orúkọ wá, kí orúkọ sì wà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ fún ojú ènìyàn. Fún ìwákiri nìkan ni a ó ṣe ẹ̀dà tí ó bá ara mu. Nígbà tí a bá ń gbé ìpìlẹ̀ kalẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe é, nítorí pé ó ṣòro láti yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ padà nígbà tí áàpù ti wọ ẹgbẹ̀rún ilé.

Ìbéèrè mẹ́rin fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ

Èkíní: ta ni ó lè pàtẹ? Bí gbogbo ènìyàn bá lè pàtẹ láìsí àyẹ̀wò, ọjà yóò kún, májèlé yóò sì wà lára rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá le jù, ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni ọjà yóò wà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ìlànà àyẹ̀wò wà ní kíkọ sílẹ̀, kí a sì yẹ áàpù wò lákọ̀tun nígbà tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun.

Èkejì: ta ni ó lè gbé wọlé? Àṣẹ láti lo áàpù yàtọ̀ sí àṣẹ láti gbé e wọlé, bí ẹni tí ó ń sùn nínú yàrá ṣe yàtọ̀ sí ẹni tí ó lè wó ògiri. Framework gbọ́dọ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lè ti agbéwọlé pa pátápátá fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹta: kí ni áàpù tí ó wọlé lè fọwọ́ kàn? Bí a bá lè fi ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo pàdé rẹ̀ bí DHIS2 ti ṣe, kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá lè ṣe é, ó kéré tán, kí áàpù kéde ohun tí ó fẹ́ kí a tó gbà á wọlé, kí ìdápadà sì ti wà láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀kẹrin: ta ni ó lè yí àdírẹ́sì ọjà padà? Ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé ẹni tí ó ni ìkànnì ni. Kí àdírẹ́sì wà nínú fáìlì ètò, kí ó lè ju ẹyọ kan lọ, kí òǹtẹ̀ ẹni tí ó ṣe áàpù sì wà lára áàpù fúnra rẹ̀, kí a lè gbẹ́kẹ̀ lé e láti orí àtẹ èyíkéyìí tí a bá ti mú un. Òǹtẹ̀ tí ó so mọ́ ọjà kan ṣoṣo kì í ṣe òǹtẹ̀ olùṣe mọ́, ti olójà ni.

Àgbálọgbábọ̀

A ti ṣàlàyé pé àtẹ áàpù àti agbéwọlé jẹ́ ohun méjì, pé ìgbésẹ̀ tí bọ́tìnnì bò mọ́lẹ̀ ju bọ́tìnnì lọ, àti pé àwọn framework yàtọ̀ síra nínú bí wọ́n ṣe pín àṣẹ. Django kọ̀ láti gbé ọjà wọlé. WordPress gbé e wọlé, ó sì mú kí àìmọye ènìyàn tí kò mọ kóòdù lè ní ìkànnì tí ó níláárí. A kò lè fojú kéré èyí, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Conyers lè ṣe iṣẹ́ tí ó gba odindi ikọ̀ onímọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1989. DHIS2 gbé ọjà wọlé, ó sì fi ìlà kan sílẹ̀ tí onílé lè fi yí ojú sí ọjà mìíràn.

Àwọn baba wa sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. A sábà máa ń fi òwe yìí gba ẹni tí ọ̀nà kan dí mọ́ níyànjú. Fún ẹni tí ó ń kọ́ framework, a lè kà á bí ìlànà ìkọ́lé: bí ọ̀nà tí a là sí ọjà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ò tíì parí.